Ìdin nínú máńgòrò: Ohun tí kámẹ́rà ń rí tí ojú wa kò rí, àti ohun tí òbí lè ṣe nílé

Máńgòrò lè pọ́n dáadáa, kí ara rẹ̀ máa dán, kí ìdin sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí ló ti la èso fún ọmọ, tí wọ́n sì rí ohun funfun tó ń yí kiri níbi tí ọmọ ti gé e jẹ. Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé e ni pé: ṣé èyí tó ti gbé mì kò ní ṣe é ní nǹkan?

Àwọn onímọ̀ ti ń lo kámẹ́rà àti ẹ̀rọ X-ray láti mọ ohun tó wà nínú èso láì fi ọ̀bẹ kàn án. Ẹ jẹ́ ká wo bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, ibi tí agbára rẹ̀ mọ, àti ohun tó yẹ kí ẹ máa ṣe nílé.

Báwo ni ìdin ṣe ń dé inú èso tí awọ rẹ̀ kò ya?

Eṣinṣin ló ń gbé e síbẹ̀. Èyí tó ń yọ àwọn àgbẹ̀ máńgòrò lẹ́nu jù ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bactrocera dorsalis. Ilẹ̀ Éṣíà ló ti wá. Ọdún 2003 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Áfíríkà, ní orílẹ̀-èdè Kenya, kò sì pẹ́ tó fi dé Nàìjíríà, Benin àti Togo. Kì í ṣe máńgòrò nìkan ló ń bà jẹ́, ó ń ba gúáfà náà jẹ́.

Abo eṣinṣin yìí ní ohun kan nídìí tó rí bí abẹ́rẹ́. Òun ló fi ń gún awọ èso láti yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. Ojú ibi tó gún kéré gan-an. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹyin yóò pa, ìdin yóò sì máa jẹ èso náà lọ sínú. Tó bá dàgbà tán, yóò jáde, yóò sì wọ inú iyẹ̀pẹ̀ lọ láti di eṣinṣin.

Ìyẹn ni pé máńgòrò tí wọ́n ká ní Benue tàbí Kaduna lè gbé ẹyin lọ sí ọjà láì sí ẹni tó mọ̀. Ìgbà tí yóò fi dé orí tábìlì yín, ẹyin ti di ìdin.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń wá kámẹ́rà?

Ọ̀nà àtijọ́ ni kí àwọn olùyẹ̀wò mú díẹ̀ nínú èso, kí wọ́n sì fi ọ̀bẹ là á. Èyí tí wọ́n bá là kò ṣeé tà mọ́. Èyí tí wọn kò là, kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Owó ńlá ló sì wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Bí wọ́n bá rí ìdin nínú ẹrù máńgòrò ní èbúté Yúróòpù, wọ́n lè da gbogbo ẹrù náà nù. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti mú òfin le sí i nítorí eṣinṣin yìí. Èyí kan àwọn agbègbè bíi Korhogo ní Côte d'Ivoire àti Sikasso ní Mali, tí máńgòrò wọn ń lọ sí òkè òkun.

Báwo ni ẹ̀rọ náà ṣe ń rí inú èso?

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni X-ray, irú èyí tí wọ́n fi ń wo egungun nílé ìwòsàn. Ibi tí ìdin ti jẹ kọjá máa ń ṣófo, àwọ̀ rẹ̀ nínú àwòrán kì í sì í bá ti ibi tó le mu. X-ray wúlò fún kòkòrò kan tó ń gbé inú kóró máńgòrò pẹ̀lú, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè rí láti ìta. Àmọ́ ẹyin àti ìdin kékeré ṣòro fún un láti rí, nítorí omi ló pọ̀ jù nínú wọn, bíi ti èso gan-an.

Ọ̀nà kejì ni kámẹ́rà tó ń rí ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí. Irú ìmọ́lẹ̀ yìí wà nínú ilé yín: òun ni rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ń lò. Bí ẹ bá tẹ rìmóòtù síwájú kámẹ́rà àwọn fóònù kan, ẹ ó rí i tó ń tàn, bẹ́ẹ̀ ojú yín lásán kò rí nǹkan kan. Ìmọ́lẹ̀ náà máa ń wọ abẹ́ awọ èso díẹ̀ kó tó padà jáde. Ibi tí ìdin ti jẹ, tí omi àti ṣúgà ibẹ̀ ti yí padà, kì í dá a padà bíi ti ibi tó dára.

Kọ̀ǹpútà ló wá ń ka àwòrán náà. Àwọn onímọ̀ máa ń ya àwòrán ọ̀pọ̀ èso, wọn á là wọ́n lẹ́yìn náà láti mọ èyí tó ní ìdin, wọn á sì fi kọ́ kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀, ó lè ṣì í mú. Ó lè pe ibi tí èso ti fara gbá nǹkan ní ibi tí ìdin wà, ó sì lè jẹ́ kí èyí tó ní ìdin kọjá, pàápàá nínú máńgòrò ńlá tí awọ rẹ̀ nípọn. Ẹ má retí rẹ̀ lórí àtẹ ọjà láìpẹ́.

Ṣé èso tó gba inú X-ray kọjá ṣeé jẹ?

Bẹ́ẹ̀ ni. X-ray kì í dúró sínú èso, bí kì í ṣe é dúró sínú àpótí yín ní pápákọ̀ òfuurufú. Adùn èso náà kò ní yí padà.

Bí ọmọ bá gbé ìdin mì ńkọ́?

Ẹ fọkàn balẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, inú ọmọ yóò dà á bí oúnjẹ mìíràn. Ìdin máńgòrò kì í di aràn inú. Ẹyin aràn máa ń wá láti inú ilẹ̀ tí ìgbẹ́ ti bà jẹ́, ó sì lè lẹ̀ mọ́ ara èso tí a kò fọ̀. Ohun tó fi yẹ kí ẹ máa fọ èso nìyẹn, yálà ìdin wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí.

Ohun tó lè da inú ọmọ rú ni jíjẹrà. Ibi tí eṣinṣin gún ni kòkòrò àrùn àti èbu ń gbà wọlé.

Májèlé ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù

Ewu tó ju ìdin lọ ni oògùn apakòkòrò tí àwọn kan ń fín sára oúnjẹ. Ní ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà dúró nítorí pé dichlorvos inú rẹ̀ pọ̀ ju ìwọ̀n lọ. Ní 2019, NAFDAC fòfin de dichlorvos inú ìgò kékeré. Ẹ má ṣe fín in tàbí òtapíápíá sára èso láé. Ìdin wà lábẹ́ awọ, oògùn náà lè má kàn án, ṣùgbọ́n yóò kan ọmọ yín.

Ohun tí ẹ lè ṣe nílé

• Ẹ wo awọ èso dáadáa. Bí ẹ bá rí ojú dúdú kékeré tí omi ń yọ níbẹ̀, tàbí tí ibẹ̀ rọ̀ ju ibi yòókù lọ, ẹ fura.

• Ẹ fi omi tó mọ́ fọ èso, kí ẹ sì là á kí ẹ tó fún ọmọ. Ẹ má ṣe fún ọmọdé ní odidi máńgòrò kó máa fi eyín ya á.

• Bí ìdin bá wà níbì kan ṣoṣo, tí ibi yòókù le, àgbàlagbà lè gé ibẹ̀ kúrò dáadáa kó jẹ ìyókù. Bó bá ń rùn kíkan tàbí tó ti hu èbu, ẹ dà á nù.

• Fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ lẹ́yìn oṣù 6, èyí tó mọ́ látòkè délẹ̀ nìkan ni kí ẹ lò.

• Ẹ má ṣe da èso tó ní ìdin sórí ààtàn. Ẹ dì í sínú ọ̀rá dúdú, kí ẹ so ó pinpin, kí ẹ sì sá a sí oòrùn fún ọjọ́ mélòó kan kí ìdin náà lè kú.

Bí ọmọ bá jẹ èso, tó bẹ̀rẹ̀ sí í da itọ́, tó ń làágùn, tó ń bì, tí mímí sì ń ni í lára, ẹ fura sí májèlé. Ẹ sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe rọ ọ́ ní epo pupa, ẹ má sì fipá mú un bì.

Ẹ má tìtorí ìdin dá ọmọ dúró lórí máńgòrò. Ó ní èròjà tó ń ṣara lóore, tó sì dára fún ojú. Títí di ìgbà tí kámẹ́rà yóò fi dé ọjà wa, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ là á, ẹ wò ó, kí ẹ tó gbé e fún ọmọ.