Orí Tuntun fún Ẹsẹ̀ Mẹ́ta Káńmẹ́rà

Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ mẹ́ta kì í da káńmẹ́rà nù. Bí ilẹ̀ kò tilẹ̀ tẹ́jú, ẹsẹ̀ mẹ́ta á dúró. Ẹ ti rí i lọ́wọ́ onífótò níbi ìgbéyàwó, níbi ìsìnkú àgbà, àti ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ya fótò pásípọ́ọ̀tù.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ló ń gbé káńmẹ́rà. Orí kan wà láàárín ẹsẹ̀ àti káńmẹ́rà. Orí yìí ló ń jẹ́ kí káńmẹ́rà wo òkè, kó wo ilẹ̀, kó yí sí ọ̀tún àti sí òsì. Bí orí bá yẹ̀, ẹsẹ̀ kò lè gba káńmẹ́rà là.

Ẹ jẹ́ kí a wí pé ẹnì kan ń fi iṣẹ́ fótò bọ́ ìyàwó àti ọmọ. Ó gbé káńmẹ́rà sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta níbi ìgbéyàwó. Ó dè é, ó rò pé ó ti le. Ó yíjú láti pe àwọn ẹbí ìyàwó kí wọ́n wá tò. Gbàgà! Orí ti yẹ̀, lẹ́ǹsì tó wúwo ti fa káńmẹ́rà síwájú, gbogbo rẹ̀ ti ṣubú lulẹ̀. Owó tó fi ọ̀pọ̀ oṣù kó jọ ló fọ́ sílẹ̀ yẹn. Ṣé ẹsẹ̀ ló jẹ̀bi? Rárá o. Orí ló ti gbó, olówó rẹ̀ kò sì tètè pààrọ̀ rẹ̀.

Kí ni orí oníbọ́ọ̀lù?

Oríṣi orí pọ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ onífótò ń lò ni orí oníbọ́ọ̀lù. Ẹ rántí bí orí egungun itan ẹran ṣe máa ń wà nínú ihò rẹ̀ ní ìbàdí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni bọ́ọ̀lù irin kan ṣe wà nínú ihò orí yìí. Káńmẹ́rà jókòó lórí bọ́ọ̀lù náà. Kókó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a fi ń dè é. Bí a bá tú kókó yìí, bọ́ọ̀lù á yí síbi tí a bá fẹ́. Bí a bá dè é, á fún bọ́ọ̀lù mọ́ra, kò ní lè yí mọ́.

Bó bá jẹ́ fídíò lẹ ń yà jù, ẹ má ra oníbọ́ọ̀lù. Orí tó ní ọwọ́ gígùn, tí a fi ń yí káńmẹ́rà jẹ́jẹ́, ló dára fún fídíò.

Ṣé orí ló bàjẹ́ lóòótọ́?

Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Eruku ọyẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu bọ́ọ̀lù náà dáadáa. Ẹ má fi òróró sí i o! Ọwọ́ tó kan ilá kì í di nǹkan mú, bọ́ọ̀lù tó kan òróró náà á máa yọ̀. Bí ẹ bá nù ún tán, tí ẹ dè é, tí káńmẹ́rà ṣì ń rọra wálẹ̀, ó tó pààrọ̀.

Ẹ wò ó bóyá orí náà ṣeé yọ. Nínú àwọn kan tí kò wọ́n, orí àti ẹsẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, kò ṣeé yọ. Bó bá ṣeé yọ, ẹ wo abẹ́ ibi tí orí jókòó lé. Nígbà mìíràn, nọ́ọ̀tì kéékèèké wà níbẹ̀ tó dì í mú. Ẹ kọ́kọ́ tú wọn, kí ẹ tó lọ́ orí náà sí òsì.

Ohun mẹ́ta tí a ó wò kí a tó rà á

Èkínní, nọ́ọ̀tì. Nọ́ọ̀tì tó yọ sókè lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta sábà máa ń jẹ́ íǹṣì 3/8. Èyí tó ń wọ ìdí káńmẹ́rà sábà máa ń jẹ́ íǹṣì 1/4, ó kéré sí tàkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ mìíràn wà tó jẹ́ 1/4 ni ti òun náà. Bí wọn kò bá bára mu, irin kékeré kan wà tí a ń fi sáàárín wọn. Ẹ má fi agbára lọ́ èyí tí kò wọ̀, ojú rẹ̀ á jẹ. Kí ìdí orí àti ojú ẹsẹ̀ sì fẹ̀ tó ara wọn.

Èkejì, ìwúwo. Ẹ gbé ẹrù yín sórí òṣùwọ̀n. Ká ní káńmẹ́rà jẹ́ gíráàmù 800, lẹ́ǹsì 900, fíláàṣì 400. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2,100, ìyẹn kílò 2 àti díẹ̀. Ẹ wá orí tí wọ́n kọ sí pé ó lè gbé ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀, bíi kílò 6 àbọ̀. Kí ló dé tó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń wọn tirẹ̀ bó ṣe wù ú. Lẹ́ǹsì gígùn sì máa ń fa orí wálẹ̀ ju bí ìwúwo rẹ̀ ti mọ lọ. Ẹ gbé garawa omi mọ́ ara, kí ẹ tún na ọwọ́ gbé e, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ̀kẹta, irin pẹlẹbẹ. Òun la ń dè mọ́ ìdí káńmẹ́rà, tí ẹnu orí fi ń gbá a mú. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ń ṣe irú tí wọ́n ń pè ní Arca-Swiss, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó mìlímítà 38. Bí irin tí ẹ ní nílé bá jẹ́ irú èyí, ẹ mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Tilé-iṣẹ́ kan lè má wọ ẹnu ti òmíràn dáadáa.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó

Ẹni tó ń tà á lè sọ pé, "Ọ̀gá mi, èyí á gbé kílò 10 wọ́ọ́rọ́wọ́!" Ẹ dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi káńmẹ́rà mi dán an wò ná." Olóòótọ́ kò ní bínú.

Ẹ gbé káńmẹ́rà àti lẹ́ǹsì tó wúwo jù sórí rẹ̀. Ẹ dojú lẹ́ǹsì kọ àmì kan lára ògiri. Ẹ dè é, ẹ rọra yọ ọwọ́, ṣùgbọ́n ẹ má jìnnà sí i. Ẹ ka ení, èjì, títí dé ọgọ́rùn-ún. Ẹ tún wo àmì náà. Bó bá wà níbi tí ẹ fi í sí, orí náà dára. Bó bá ti kúrò níbẹ̀, ẹ dá a padà fún un. Bẹ́ẹ̀ ni kókó rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí ẹ ó fi gbogbo agbára fún kí ó tó le.

Bí ẹ bá sì rà á délé, ẹ má tú kókó náà láìfi ọwọ́ kan di káńmẹ́rà mú.

Àwọn àgbà ní orí burúkú kì í wú tuulẹ̀. Orí káńmẹ́rà náà rí bẹ́ẹ̀. Dídán rẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún wa. Ẹrù tiwa gan-an la fi ń mọ̀ ọ́n.

Ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí

1. Kí ló dé tí a kì í fi òróró sí bọ́ọ̀lù orí?
2. Bí ẹrù onífótò bá jẹ́ kílò 3, orí tó lè gbé kílò mélòó ni kó wá?
3. Báwo la ṣe ń dán orí wò ní ṣọ́ọ̀bù?