Eyín Tó Ń Mì, Ẹ̀jẹ̀ Tí Wọ́n Fà Lápá

Arákùnrin kan fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Eyín rẹ̀ kan ti ń mì, dókítà eyín wá ní àwọn máa fa ẹ̀jẹ̀ lápá rẹ̀, àwọn á fi tún egungun abẹ́ erìgì ṣe. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe gbájúẹ̀ nìyẹn?"

Rárá o. PRF ni wọ́n ń pè é, ìyẹn platelet-rich fibrin. Dókítà ará Faransé kan, Joseph Choukroun, ló gbé e jáde ní 2001.

Ìdọ̀tí ara eyín ló ń fa wàhálà. Tó bá pẹ́ níbẹ̀, erìgì á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀, á ṣí kúrò lára eyín bí àpò. Kì í sábà dunni, ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Nínú àpò yẹn ni egungun tó di eyín mú ti ń run díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò kékeré tí kò ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Kíá ni wọ́n á gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń yí i bírí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 12. Tí wọ́n bá fi falẹ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ pupa á lọ sísàlẹ̀, omi aláwọ̀ ìyeyè á wà lókè, nǹkan kan tó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù á wà láàárín. PRF nìyẹn. Platelet inú rẹ̀ á máa tú àwọn èròjà tó ń pe ara wá ṣe àtúnṣe jáde, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Dókítà á ṣí erìgì, á fọ gbòǹgbò eyín mọ́ dáadáa, á fi PRF sí i, á rán an. Ìwádìí tó fi í wé iṣẹ́ abẹ láìsí PRF fi hàn pé àpò náà ń dín kù sí i, egungun sì ń kún sí i. Ṣùgbọ́n fífọ yẹn gan-an ni iṣẹ́. PRF kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni.

Kì í sì í ṣe gbogbo egungun ló ń gbà á. Tó bá jẹ́ pé ó jẹ wọlé bí kòtò tó ní ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́, PRF á rí ibi dúró sí. Tó bá jẹ́ pé gbogbo orí rẹ̀ ló rẹlẹ̀ lọ gbọrọrọ, kò síbi tó máa dì mú. Sìgá àti ìtọ̀ ṣúgà tí wọn kò tọ́jú náà kì í jẹ́ kó jiná bó ṣe yẹ.

Nítorí náà, bọ̀dá wa, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n fi x-ray hàn yín. Ẹ bèèrè irú kòtò tó jẹ́. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti fọ abẹ́ erìgì yín láìṣí i ná, tí wọ́n sì tún un wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ padà wá sọ ohun tí wọ́n wí fún wa.