Máàkì mẹ́wàá tó lè gba iṣẹ́ NHS lọ́wọ́ ẹni: Báwo ni oníṣẹ́ kékeré ṣe lè múra sílẹ̀?

Ká ní ilé iṣẹ́ méjì ń du iṣẹ́ ìmọ́tótó ní ilé ìwòsàn NHS kan ní England. Nínú máàkì 90 tó wà fún iye owó àti bí iṣẹ́ ṣe máa dára sí, ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ gba 78, èkejì gba 76. Ẹni àkọ́kọ́ ti ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ku máàkì 10. Èyí wà fún àǹfààní tí iṣẹ́ náà máa mú bá àwùjọ, ohun tí wọ́n ń pè ní "social value" lóhùn-ún. Ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ gba 2 níbẹ̀, èkejì gba 7. Èkejì ló gbé iṣẹ́ lọ, 83 sí 80.

Àpẹẹrẹ lásán nìyẹn o, àmọ́ bí ìṣirò náà ṣe ń rí gan-an nìyẹn. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣe iṣẹ́ ìmọ́tótó, oúnjẹ, ìfọṣọ àti ìwakọ̀ ní Ìlú Ọba ò kéré níye, láti Peckham dé Manchester, àwọn kan nínú wọn sì ti ní ilé iṣẹ́ tara wọn. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú lè ṣubú síbi máàkì 10 yìí, nítorí pé kò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kó kọ síbẹ̀.

Níbo ni òfin yìí ti wá?

Òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 2012, Public Services (Social Value) Act, ló kọ́kọ́ ní kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba máa ro àǹfààní àwùjọ mọ́ ọn kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ síta. "Ẹ rò ó" lòfin yẹn wí, kò sọ iye máàkì. Ìgbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2022 ni NHS England wá fi iye lé e: ó kéré tán, máàkì 10 nínú 100 gbọ́dọ̀ wà fún àǹfààní àwùjọ àti dídín èéfín kábọ̀n kù. Ilé ìwòsàn lè fi kún un, kò gbọdọ̀ dín in. Láti oṣù Kìíní ọdún 2024, òfin mìíràn tún wà fún iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn gan-an, àǹfààní àwùjọ sì jẹ́ ọ̀kan nínú nǹkan márùn-ún tí wọ́n gbọ́dọ̀ wò níbẹ̀. England nìkan ni gbogbo èyí dé. Scotland, Wales àti Northern Ireland ní ìlànà tiwọn.

Kí ni wọ́n fẹ́ gbọ́ gan-an?

Ibí lọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú. Ẹlòmíì á kọ ọ́ pé, "A fẹ́ràn àwùjọ wa, ọdọọdún la máa ń fún ilé ọmọ aláìlóbìí lówó." Ó dára, Ọlọ́run á san án fún wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí wọ́n bi wọ́n nìyẹn. Ìbéèrè náà ni pé: tá a bá gbé iṣẹ́ yìí fún yín, kí ló máa yí padà fún àwọn ará àdúgbò ilé ìwòsàn yìí, yàtọ̀ sí iṣẹ́ tá a máa sanwó rẹ̀? Èèyàn mélòó ló máa kàn? Nígbà wo? Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ẹ ti ṣe é?

Ẹ wo ìyàtọ̀ yìí. Ẹnì kan kọ pé, "A ó gba àwọn ọ̀dọ́ síṣẹ́." Èkejì kọ pé, "Láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, a ó gba èèyàn méjì tí wọ́n ti lé lọ́dún kan láìríṣẹ́ ní àdúgbò yìí. A ó kọ́ wọn níṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 12, alábòójútó wa ló máa mójú tó wọn, a ó sì máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí yín ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta." Ẹni tó ń fún wọn ní máàkì ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èwo ló gbé pẹ́ẹ́lí.

Kí oníṣẹ́ kékeré má bẹ̀rù pé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá á fi iye èèyàn tẹ òun mọ́lẹ̀. Bí ìlérí náà ṣe múná dóko tó ni ìlànà ìjọba ní kí wọ́n wò, kì í ṣe bó ṣe pọ̀ tó. Ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́jọ tó ní òun á gba ẹnì kan kún un, ìlérí gidi ló ṣe yẹn.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn ilé ìwòsàn àti àwọn ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìlera ní agbègbè kọ̀ọ̀kan máa ń gbé ètò wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ lèèyàn á ti rí i bóyá àìríṣẹ́ ló ń dà wọ́n láàmú ni, àbí ìtọ̀ ṣúgà, àbí èéfín ọkọ̀. Ìdáhùn tí wọ́n dà kọ látinú iṣẹ́ mìíràn, tàbí tí wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà bá wọn kọ láìkà á, kì í pẹ́ tú fó, pàápàá tí orúkọ ilé ìwòsàn ọ̀tọ̀ bá ṣì wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kábọ̀n ńkọ́?

NHS fẹ́ kí èéfín kábọ̀n tó ń ti ọwọ́ rẹ̀ jáde dé ohun tí wọ́n ń pè ní "net zero" ní 2040, kí èyí tó ń ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tajà fún un náà dé e ní 2045. Ìyẹn ló fà á tó fi jẹ́ pé láti oṣù Kẹrin ọdún 2023, ẹni tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ tó ju £5 mílíọ̀nù lọ lọ́dún gbọ́dọ̀ ní ìwé ètò tó ń sọ bó ṣe máa dín kábọ̀n tirẹ̀ kù. Oṣù Kẹrin ọdún 2024 ló wá kan àwọn iṣẹ́ tó kéré sí i, wọ́n sì ń béèrè ìwé ìlérí tí kò gùn tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Èyí ò sí lára máàkì 10 yẹn o. Ẹnu ọ̀nà ló wà: ẹni tí kò bá ní in lè má wọlé rárá.

Kò le tó bí wọ́n ṣe ń dẹ́rù bani. Ohun tí ilé iṣẹ́ kékeré nílò láti bẹ̀rẹ̀ ni bíìlì iná àti gáàsì ọdún kan, rìsíìtì epo ọkọ̀, bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń dé ibi iṣẹ́, àti iye pàǹtírí tí wọ́n ń kó dànù. Ìjọba Ìlú Ọba máa ń gbé àwọn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀ jáde lọ́dọọdún, ọ̀fẹ́ sì ni. Iye tó bá jáde lọ́dún àkọ́kọ́ ni wọ́n á máa fi wé ti àwọn ọdún tó ń bọ̀. NHS náà ní ètò kan tó ń jẹ́ Evergreen lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí oníṣẹ́ ti lè yẹ ara rẹ̀ wò.

Ohun kan tún wà tí kò yẹ kí wọ́n fojú fò: bí wọ́n ṣe ń lo òṣìṣẹ́. Wọ́n lè béèrè bóyá owó tí wọ́n ń san ju èyí tó kéré jù lábẹ́ òfin lọ, àti bóyá kò sí ìfiniṣẹrú níbi tí ọjà ti ń wá. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tiwa gidi, nítorí a mọ bí àwọn kan ṣe ń gba owó gọbọi lọ́wọ́ ẹni tó ń wá ìwé iṣẹ́ bọ̀ láti Nàìjíríà. Ní ọ̀pọ̀ iṣẹ́, òfin Ìlú Ọba ò gbà kí ájẹ́ńsì gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́ torí pé ó bá a ríṣẹ́. Ilé iṣẹ́ tó bá ń bá irú ájẹ́ńsì bẹ́ẹ̀ ṣe, kò sí ìlérí dáadáa tó lè kọ tó máa bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Ìgbà wo ló yẹ kéèyàn bẹ̀rẹ̀?

Kí tẹ́ńdà tó jáde ni. Tó bá ti jáde, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ló sábà máa ń ku, kò sì sí bí wọ́n á ṣe bá iléèwé tàbí ẹgbẹ́ aláàánú àdúgbò jíròrò láàárín ìyẹn. Láti ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2025 tí òfin Procurement Act ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, oríṣiríṣi ìkéde ló ń jáde lórí ojú òpó Find a Tender kí iṣẹ́ gan-an tó jáde, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń pe àwọn oníṣẹ́ wá sọ èrò wọn. Ẹni tí apá rẹ̀ ò ká iṣẹ́ ńlá lè kàn sí àwọn tó máa du ú, kó gba díẹ̀ ṣe lábẹ́ wọn, torí pé àwọn náà nílò oníṣẹ́ àdúgbò tí wọ́n á fi ìlérí wọn lélẹ̀.

Kí wọ́n má ṣèlérí ju agbára wọn lọ ṣá. Tí iṣẹ́ bá ti bọ́ sí i, ìlérí náà á wọ inú ìwé àdéhùn, wọ́n á sì máa bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n bá a dé. Ẹni tí kò bá rí iṣẹ́ gbà náà ò lọ lọ́wọ́ òfo: lábẹ́ òfin Procurement Act, wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tó ń sọ máàkì tó gbà àti ìdí rẹ̀. Ojú ìlà social value nínú ìwé yẹn ni kó kọ́kọ́ kà.