Òótọ́ àti Irọ́ Nípa Ẹ̀gà

Nígbà òjò, ẹni tó bá ń bọ̀ láti ọjà Arzèkè ní Parakou kò ní í rìn jìnnà kó tó gbọ́ igbe ẹ̀gà. Yorùbá, Dendi, Bàrìbá àti Faransé ló ń dún pọ̀ nínú ọjà náà, ẹnu kò sì kọ ẹyẹ yìí ní èdè kankan. Òótọ́ wà nínú ohun tí à ń sọ nípa rẹ̀, irọ́ náà sì wà. Ó yẹ ká tú u palẹ̀, torí ẹyẹ tí a kò bá dá mọ̀ dáadáa la máa ń di ẹ̀ṣẹ̀ ẹyẹ mìíràn rù.

Irọ́: Gbogbo ẹ̀gà tó bá ti dúdú lórí, tó sì ní àwọ̀ ìyeyè lára, ẹyẹ kan náà ni.

Òótọ́: Ẹ̀yà méjì ló máa ń da ojú rú jù. Àkọ́kọ́ ni Ploceus cucullatus, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní tisserin gendarme. Èkejì ni Ploceus melanocephalus. Ẹ jẹ́ ká pe àkọ́kọ́ ní ẹ̀gà ilé, ká pe èkejì ní ẹ̀gà etí omi. Akọ àwọn méjèèjì ló ń dúdú lórí ní àsìkò yíyé, nítorí náà orí dúdú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìpàkọ́ ni kí ẹ wò. Ti ẹ̀gà ilé pupa rúsúrúsú, dúdú orí rẹ̀ sì wọnú àwọ̀ yẹn. Ti ẹ̀gà etí omi jẹ́ àwọ̀ ìyeyè tó mọ́ ketekete. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹyinjú: ti ẹ̀gà ilé pupa, ti èkejì ṣókùnkùn. Ẹ wo ẹ̀yìn wọn pẹ̀lú: dúdú àti ìyeyè ló dà pọ̀ lẹ́yìn ẹ̀gà ilé, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ẹ̀gà etí omi kò ní àbàwọ́n dúdú bẹ́ẹ̀, ó kàn fẹ́ jọ àwọ̀ ewé ni. Ẹ̀gà etí omi tún kéré díẹ̀: nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 14, nígbà tí ẹ̀gà ilé lè tó 17.

Ibùgbé wọn náà ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀gà ilé fẹ́ràn igi ńlá àti ọ̀pẹ tó súnmọ́ èèyàn, òun ni ará ìlú máa ń rí jù. Èkejì fẹ́ràn àbàtà àti esùsú ẹ̀bá omi, irú èyí tó wà létí odò Ọya níhà Malanville.

Irọ́: Àwọn tó ní àwọ̀ erùpẹ̀ láàárín wọn, ológoṣẹ́ ni.

Òótọ́: Abo ẹ̀gà ni wọ́n, tàbí ọmọ rẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, akọ pàápàá á bọ́ aṣọ dúdú yẹn kúrò, á wá jọ abo. Lásìkò yẹn, àti ya ẹ̀gà méjèèjì sọ́tọ̀ máa ń ṣòro fún ẹni tó mọṣẹ́ pàápàá. Ti ológoṣẹ́ kò le: orí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ eérú, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa rúsúrúsú, kò ní ìyeyè kankan lára, inú ihò ara ilé tàbí ti igi ló sì máa ń yé sí. Kì í hun ìtẹ́ tó ń rọ̀ lẹ́ka.

Irọ́: Ìtẹ́ ẹ̀gà tó bá bọ́ sílẹ̀, atẹ́gùn tàbí ọ̀tá ló já a.

Òótọ́: Lọ́pọ̀ ìgbà, akọ tó hun ún ló tú u. Ẹ wò ó lẹ́nu iṣẹ́: á bu etí ewé ọ̀pẹ jẹ, á di í mú, á fò, ewé á sì ya tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ̀lé e. Òrùka ló kọ́kọ́ ń hun. Inú òrùka yìí ló ń dúró sí, á hun yàrá ẹyin síwájú, á hun ẹnu ọ̀nà sẹ́yìn, ẹnu ọ̀nà náà á sì dojú kọlẹ̀. Bí abo bá ń kọjá, á dorí kodò lẹ́nu ọ̀nà, á máa gbọn apá, á máa ké. Abo á wọlé lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá wù ú, òun ni yóò fi koríko rírọ̀ tẹ́ inú rẹ̀. Bí abo kankan kò bá gbà á títí ewé fi gbẹ, akọ á tú u dànù, á sì hun òmíràn. Nicholas àti Elsie Collias, tọkọtaya onímọ̀ ẹyẹ ará Amẹ́ríkà, ṣọ́ iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún; wọ́n rí i pé ìtẹ́ tí ewé rẹ̀ ṣì tutù ni abo ń yàn.

Irọ́: Bí ẹyin inú ìtẹ́ kan bá yàtọ̀ sí ti ìtẹ́ kejì, ẹyẹ mìíràn ló yé e.

Òótọ́: Abo ẹ̀gà ilé kọ̀ọ̀kan ló ní irú ẹyin tirẹ̀: funfun, búlúù, èyí tí kò ní àmì tàbí èyí tó ní tóótòòtó. Ẹyẹ kan wà, Chrysococcyx caprius, tó máa ń yọ́ yé sínú ìtẹ́ wọn kí wọ́n lè bá a tọ́mọ. Abo tó bá mọ ẹyin ara rẹ̀ á ju ti àjèjì síta. Wọ́n ti kó ẹ̀gà ilé láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lọ sí erékùṣù Hispaniola, níbi tí Haiti wà, ẹyẹ ayọnilẹ́nu yẹn kò sì sí níbẹ̀. Lọ́dún 2005, olùwádìí kan, David Lahti, fi hàn pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹyin abo kan sí ti èkejì ti dín kù lọ́hùn-ún.

Irọ́: Ọkà èèyàn nìkan ni ẹ̀gà mọ̀.

Òótọ́: Kò yẹ ká gbèjà rẹ̀ kọjá ààlà. Ẹ̀gà ilé ń jẹ ìrẹsì àti ọkà bàbà, ó sì lè ya ewé ọ̀pẹ títí yóò fi ku igi ewé lásán. Ṣùgbọ́n kòkòrò ló fi ń bọ́ ọmọ rẹ̀ jù. Ẹyẹ tó ń wọ́ lọ sóko ní àràádọ́ta ọ̀kẹ́ nílẹ̀ Sahel ni Quelea quelea: ó kéré sí ẹ̀gà, ẹnu akọ rẹ̀ sì pupa. Àgbẹ̀ tó bá fẹ́ dáàbò bo oko rẹ̀, kó kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń jà á lólè, kó sì ṣọ́ ìrẹsì nígbà tí omi funfun bá wà nínú èso rẹ̀. Ká gé gbogbo ìtẹ́ ẹ̀gà inú ìlú, kò ní gba èso ìrẹsì kan lẹ́nu quelea.