Ìgbéyàwó Tó Tú: Ta Ló Ń Kà Á?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ìròyìn kan jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé iye ìgbéyàwó tí kóòtù tú ká ní England àti Wales lọ́dún 2022 jẹ́ 80,057. Lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀, 113,505 ni. Kò tíì kéré tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọdún 1971. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lórí rédíò á rò pé ìfẹ́ ti padà wọlé àwọn òyìnbó, pé tọkọtaya ti gbọ́ra wọn yé.

Òfin ló yí padà, kì í ṣe ọkàn àwọn èèyàn. Kó tó di ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin ọdún 2022, ẹni tó bá fẹ́ kọ ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan nínú ẹ̀rí márùn-ún wá: àgbèrè, ìwà tí èèyàn ò lè fara dà, kí ẹnì kan ti pa ẹnì kejì tì fún ọdún méjì, kí àwọn méjèèjì ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún méjì tí wọ́n sì jọ gbà, tàbí kí wọ́n ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún márùn-ún bí ẹnì kan ò bá gbà. Lọ́dún 2018, ẹjọ́ ìyáàfin kan dé Supreme Court. Ó ti jáde nílé ọkọ, ó lóun ò ṣe mọ́, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, àwọn adájọ́ sì ní ẹ̀rí tó mú wá kò tó. Àfi kó dúró kí ọdún márùn-ún pé. Ẹjọ́ yẹn wà lára ohun tó mú kí wọ́n tètè tún òfin ṣe.

Òfin tuntun ò béèrè ẹ̀bi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Kí èèyàn sáà sọ pé ìgbéyàwó náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe ti tó. Ṣùgbọ́n ó ní sùúrù nínú: láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti pẹjọ́, ó di ogún ọ̀sẹ̀ kí kóòtù tó lè fúnni ní àṣẹ àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mìíràn yóò sì tún kọjá kí ti ìkẹyìn tó jáde. Ẹni tó pẹjọ́ lọ́jọ́ tí òfin náà bẹ̀rẹ̀ gan-an kò lè gba ìwé rẹ̀ kó tó di oṣù kẹwàá. Ẹni tó pẹjọ́ nínú oṣù kẹjọ ti wọ ọdún 2023 nìyẹn. Ní tòótọ́, ńṣe ni ìwé ìpẹ̀jọ́ ya wọ kóòtù nígbà tí òfin náà bẹ̀rẹ̀, torí àwọn kan ti ń dúró dè é tipẹ́. Lọ́dún kan náà tí iye ìkọ̀sílẹ̀ já wálẹ̀, àwọn tó fẹ́ kọ ara wọn ló ń pọ̀ sí i lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó fi máa di 2023, iye náà ti padà lé ní 102,000.

ONS, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba níbẹ̀, ló ń tẹ àwọn iye wọ̀nyí jáde lọ́dọọdún, ẹnikẹ́ni sì lè wà wọ́n láti orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ṣí tábìlì náà, tó ń fi ìka tẹ̀ lé e sókè láti ọdún dé ọdún, á rí ibi tó ti fò. Lọ́dún 1970, 58,239 ni. Lọ́dún 1972, ó ti di 119,025. Ṣé ilé tó tú ló di ìlọ́po méjì láàárín ọdún méjì? Rárá o. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1971 ni òfin ìkọ̀sílẹ̀ tí wọ́n ṣe lọ́dún 1969 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn tó ti pínyà láti ayébáyé, tí òfin àtijọ́ ò jẹ́ kí wọ́n rí ìwé gbà, ni wọ́n jọ rọ́ dé. Bákan náà ló rí lọ́dún 1985, tí iye náà fò láti 144,501 sí 160,300: lọ́dún tó ṣáájú ni òfin sọ pé èèyàn lè pẹjọ́ lẹ́yìn ọdún kan ìgbéyàwó dípò mẹ́ta.

Ọdún 1993 ló ga jù lọ, 165,018. Láti ìgbà náà ló ti ń rọra sọ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n bá mọ ìkòkò díẹ̀, ìkòkò tó máa fọ́ náà á dín kù: lọ́dún 1972, ìgbéyàwó tó lé ní 426,000 ni wọ́n ṣe ní England àti Wales, lọ́dún 2019, nǹkan bí 220,000 péré ni. Ọ̀pọ̀ ló ń gbé pọ̀, tí wọ́n ń bímọ, láìlọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí kóòtù. Bí wọ́n bá pínyà, kò sí adájọ́ tó máa gbọ́, tábìlì ONS ò sì ní mọ̀. Nítorí èyí ni àjọ náà ṣe máa ń pín iye ìkọ̀sílẹ̀ fún àwọn tó wà nílé ọkọ àti àwọn tó níyàwó nìkan. Lọ́dún 1993, ó lé ní 13 nínú ẹgbẹ̀rún. Lọ́dún 2022, kò tó 7. Ọdún 2022 yẹn ní àbùkù tirẹ̀, bí a ti rí i, ṣùgbọ́n ìsọ̀kalẹ̀ náà ti wà nílẹ̀ kó tó dé.

Ọ̀nà kan tún wà tó dára jù láti wò ó, ìyẹn ni kí a mú gbogbo àwọn tó ṣègbéyàwó lọ́dún kan náà, ká sì máa bá wọn lọ. Nínú àwọn tó ṣe é láàárín ọdún 1990 sí 1999, nígbà tó burú jù, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló ti túká kó tó pé ọdún mẹ́wàá. Àwọn tó ṣe tiwọn lọ́dún 2012 kò tó ẹnì kan nínú márùn-ún. Àwọn tó ń ṣègbéyàwó báyìí ti dàgbà ju àwọn òbí wọn lọ nígbà tí wọ́n ṣe tiwọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ti jọ gbé pọ̀ kí wọ́n tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìṣirò tún ní ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ọkùnrin fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí: lọ́dún 2019, obìnrin ló gbé 62 nínú ọgọ́rùn-ún ẹjọ́ wọ̀nyí lọ sí kóòtù. Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé ìpẹ̀jọ́ nìyẹn, kì í ṣe ẹni tó tú ilé ká. Láti 2022, tọkọtaya lè jọ pẹjọ́, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Nílé wa ńkọ́? Gbogbo ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn Yorùbá ló mọ kóòtù kọkọ-kọkọ, pàápàá èyí tó wà ní Mápó n'Ìbàdàn. Ìyàwó ní ọkọ òun kì í fún òun lówó oúnjẹ, ọkọ ní ìyàwó òun ń bá ìyá òun jà, adájọ́ tú wọn ká. Òǹkàwé á mi orí, á ní ayé ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n akọ̀ròyìn kì í kọ ẹjọ́ tí kò dùn ún kà. Ẹjọ́ mẹ́ta tó dùn létí lọ́sẹ̀ kan kò lè sọ fún wa bóyá wọ́n ń pọ̀ sí i tàbí wọ́n ń dín kù.

Ọ̀nà tí ìgbéyàwó ń gbà tú níbí pọ̀. Ti kóòtù ìjọba àti ti ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ìwé àṣẹ wà lábẹ́ òfin Matrimonial Causes Act ti ọdún 1970, High Court nìkan ló sì lè gbọ́ ọ. Ti ìbílẹ̀ ń lọ sí kóòtù ìbílẹ̀. Ọkọ Mùsùlùmí lè kọ ìyàwó láìrí adájọ́ kankan. Àwọn tó pọ̀ jù lọ kì í sì í débì kankan: obìnrin kó ẹrù rẹ̀, ó padà sílé bàbá rẹ̀, ó di dálémoṣú, àwọn ẹbí sì parí rẹ̀ láàárín ara wọn. Kò sí ẹni tó ń ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ohun tó sún mọ́ ọn jù ni ìwádìí ìlera tí wọ́n ń ṣe kárí Nàìjíríà ní ọdún mélòó kan síra, irú èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2018. Àwọn olùwádìí ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń bi àwọn obìnrin láti ọmọ ọdún 15 sí 49 bóyá wọ́n wà nílé ọkọ, tàbí wọ́n ti kọ ọkọ. Àwọn tó ń sọ pé àwọn ti kọ ọkọ kì í pọ̀. Wo ìdí: obìnrin tó kọ ọkọ kan ní Ṣakí, tó sì fẹ́ òmíràn n'Ìwó, "ó wà nílé ọkọ" ni wọ́n máa kọ. Ilé àkọ́kọ́ ti pòórá nínú ìṣirò. Ìbéèrè míì tó tẹ̀ lé e ló lè gbé e jáde, èyí tó béèrè bóyá ẹ̀ẹ̀kan ni obìnrin náà ti lọ́kọ rí tàbí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn oníròyìn kì í sábà dé ìdí tábìlì yẹn. Bí wọ́n bá tilẹ̀ dé ibẹ̀, opó tó tún lọ́kọ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn onímọ̀ kan ti gba ìwé àkọsílẹ̀ kóòtù lọ. Judith Byfield ka ti Abẹ́òkúta láàárín ọdún 1892 sí 1904, ó sì rí bí àwọn obìnrin ṣe ń lo kóòtù tuntun ayé òyìnbó láti fi kúrò nílé ọkọ. Ẹni tó bá ní àwọn obìnrin ìsinsìnyí ló bẹ̀rẹ̀ ìkọ̀sílẹ̀, kó lọ ka iṣẹ́ rẹ̀.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣì wà ní kóòtù ìbílẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n pẹjọ́, ẹni tó pè é, iye ọmọ, ìdájọ́. Bí ẹnì kan bá yọ orúkọ kúrò, tó tẹ ìyókù sínú kọ̀ǹpútà, a máa mọ iye tí wọ́n tú ká lọ́dún kan. Yóò wá ku iye tí wọ́n so pọ̀, kí a lè fi pín in. Ibẹ̀ ni wàhálà wà, torí ìdána tí wọ́n ṣe ní Sátidé tó kọjá kò sí nínú ìwé ìjọba kankan, àfi nínú fídíò àti lórí Facebook.