Ayẹyẹ Ilẹ̀ Ní Ọwọ́ Àwọn Ọmọ Ilé-Ìwé

Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó pẹ́ lẹ́yìn agogo, ẹni tí ó pariwo nínú kíláàsì, àti ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀, ìjìyà kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ: tísà yóò fa àdá lé wọn lọ́wọ́, yóò fi ẹsẹ̀ wọn koríko fún olúkúlùkù, wọn yóò sì máa gé e títí oòrùn yóò fi kàn wọ́n ní àtàrí. Bẹ́ẹ̀ ni àwa ọmọ ìgbà náà ṣe dàgbà pẹ̀lú èrò pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni í fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Ó ń dùn mí títí di òní, nítorí pé àwọn baba wa kò fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wo Ilẹ̀, Ọ̀gẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí, ẹni tí ó ń gbé wa láìráhùn, tí ó sì ń gba olówó àti tálákà mọ́ra lọ́jọ́ ìkẹyìn. Òun ni wọ́n ń pè ṣe ẹlẹ́rìí nígbà tí ọ̀rẹ́ méjì bá fẹ́ di ọ̀kan, èyí ni a fi ń sọ pé wọ́n mulẹ̀. Ẹni tí ó bá sì da ọ̀rẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ ni a ní ó dà. Ìmùlẹ̀ yìí ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkúùgbà tí a bá ń wá ohun tí ó lè sọ ẹgbẹ̀rún ọmọ, tí wọ́n ti ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá, di ọmọ ilé-ìwé kan ṣoṣo.

Àpẹẹrẹ kan wà ní Amẹ́ríkà tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò. Ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 1969, kànga epo kan bẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Santa Barbara ní ìpínlẹ̀ California. Epo rọ̀bì bo etíkun, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ omi. Gaylord Nelson, sẹ́nétọ̀ láti ìpínlẹ̀ Wisconsin, lọ fi ojú ara rẹ̀ rí i ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Lákòókò yẹn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì a máa kó ara wọn jọ láti jíròrò lórí ogun Vietnam, tí olùkọ́ àti ọmọ yóò jókòó pọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú; Nelson wá rò ó pé bí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ bá wà fún ogun, ó yẹ kí ó wà fún odò àti afẹ́fẹ́ pẹ̀lú. Ó mú ọjọ́rú, ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1970, fún Ayẹyẹ Ilẹ̀ yìí, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti dé láti ìsinmi wọn, ìdánwò kò sì ní tíì wọlé. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọmọdé jó, ó yẹ kí ó mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ wọn ń gbófo. Ó sì fa iṣẹ́ náà lé Denis Hayes lọ́wọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 25 tí ó fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Harvard sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Èyí tí mo yìn jùlọ nínú ìwà sẹ́nétọ̀ náà ni pé kò jókòó sí Washington kí ó máa pàṣẹ ohun tí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan yóò ṣe: olúkúlùkù ni ó wo ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀, tí ó sì ṣe èyí tí ó kàn án. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀.

Kí ọjọ́ náà tó pé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Michigan ní ìlú Ann Arbor ti ṣáájú. Láti ọjọ́ 11 sí ọjọ́ 14 oṣù kẹta ni wọ́n fi ṣe tiwọn, nǹkan bí 50,000 ènìyàn ni ó sì yà síbẹ̀. Wọ́n gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan dúró láàárín ọgbà, wọ́n pè é lẹ́jọ́ ní gbangba bí ẹni tí ó jalè, wọ́n dá a lẹ́bi pé ó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́, wọ́n sì fi òòlù fọ́ ọ. Nígbà tí ọjọ́ 22 oṣù kẹrin dé, nǹkan bí 20 mílíọ̀nù ènìyàn ni ó jáde jákèjádò Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ilé-ìwé. Ọdún náà kò sì tíì parí tí ìjọba fi dá àjọ tí ń dáàbò bo àyíká sílẹ̀.

Ní ilẹ̀ tiwa, ọjọ́ kò wọ́n wa. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ya ọjọ́ 5 oṣù kẹfà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ àyíká láti ọdún 1972, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì ń fi ọjọ́ 14 oṣù keje gbin igi láti ọdún 2008. Ṣùgbọ́n ta ni ó ni ayẹyẹ náà? Mo ti jókòó níbi irú rẹ̀ ní ilé-ìwé kan, níbi tí àwọn ọmọ ti dúró nínú oòrùn láti agogo mẹ́jọ, tí àlejò pàtàkì dé ní agogo mọ́kànlá, tí wọ́n fi ṣọ́bìrì lé e lọ́wọ́ fún fọ́tò, tí igi sì wọlẹ̀. Nígbà tí mo tún gba ibẹ̀ kọjá nígbà ọyẹ́, ọ̀pá tí wọ́n fi ti igi náà ni mo bá lórí ìdúró. Igi fúnra rẹ̀ ti gbẹ. Èmi kò dá àlejò náà lẹ́bi. Nínú gbogbo ọmọ tí ó wà nínú ọgbà yẹn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tí ó lè sọ pé igi òun ni.

Bí ó bá ṣe pé èmi ni mo ní àṣẹ, oṣù kan ṣáájú ayẹyẹ náà ni àwọn ọmọ ìbá ti pàdé, tí tísà yóò jókòó sẹ́yìn wọn, tí kò ní sọ̀rọ̀ àfi bí wọ́n bá bi í. Wọn yóò yí ọgbà ká, wọn yóò wo ibi tí ọ̀rá piọ wọ́tà ti dí gọ́tà, ibi tí omi ń dúró sí tí ẹ̀fọn ń pamọ sí, àti ibi tí àwọn ìyá olóńjẹ ń jókòó sí láìní ibòji. Wọn yóò jiyàn, nítorí pé ẹni tí ó fẹ́ mángòrò kì í fẹ́ dòńgóyárò, iyàn náà yóò sì ṣe wọ́n ní oore, nítorí pé ohun tí a bá jà lé lórí ni a kì í gbàgbé. Níbẹ̀ ni ẹni tí kì í gba ipò nínú ìṣirò yóò ti dìde, nítorí pé àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, yóò sì fi bí a ti ń gbẹ́ ihò han ẹni tí ó máa ń gba ipò kìíní, pé kí ó jìn tó báyìí, kí a dá erùpẹ̀ òkè sí ọ̀tọ̀, kí a má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Àdá tí ó jẹ́ ìjìyà fún un lánàá yóò wá di ọ̀pá àṣẹ ní ọwọ́ rẹ̀. Mo gbà pé èyí nìkan tó ayẹyẹ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: kí àwọn òbí wá ṣọ́bìrì, kí ọ̀gá ilé-ìwé yọ̀ǹda ilẹ̀, kí ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà bá wọn lé ewúrẹ́, ohun tí ó kù di ti àwọn ọmọ.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tí ó le jù. Igi tí a gbìn ní oṣù kẹfà yóò rí òjò, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ilé-ìwé yóò fi gba ìsinmi, tí ewúrẹ́ yóò di onílé. Ẹ̀ẹ̀rùn sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Kí àwọn ọmọ tí ilé wọn súnmọ́ tòsí pín ọ̀sẹ̀ ìsinmi láàárín ara wọn, kí wọ́n fi ọ̀pá ọparun ṣe ọgbà yí i ká. Nígbà tí a bá wọlé ní oṣù kẹsàn-án, kí ọmọ tí ó gba igi lọ́wọ́ ẹni tí ó ti jáde ìwé mú ọmọ tuntun kan lọ sí ìdí rẹ̀, kí ó fi garawa lé e lọ́wọ́, kí ó sì ka orúkọ gbogbo àwọn tí ó ti pọn omi sí i fún un, láti orí ẹni tí ó gbẹ́ ihò.