Pákó Ọkọ̀ Ojú Omi: Ẹ Jẹ́ Kó Gbẹ Kí Ẹ Tó Kàn Án

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, pàápàá ẹ̀yin apẹja àti ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọjà gba orí ọ̀sà láti Àgbádárìgì dé Ẹ̀pẹ́, ọ̀rọ̀ yín ló kàn l'óṣù yìí. Ẹni tó bá yáwó láti kan ọkọ̀, iye pákó àti owó iṣẹ́ káfíńtà ló máa ń bèèrè. Bí pákó ti gbẹ tó, kì í bèèrè. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni owó ń gbà jò.

Pákó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là kún fún omi. Bó bá ń gbẹ, ìbú rẹ̀ ló ń dín. Gígùn rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Bí a bá kàn án ní tútù, tí ọkọ̀ wá wà lórí ilẹ̀ nígbà ọyẹ́, ojú ìpàdé pákó á là, òwú tí a fi dí i á já bọ́. Káfíńtà á ní omi á wú u padà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibi tí ìṣó bá ti ya kò ní dì mọ́. Ọjà á rì, ẹ̀mí èèyàn á wà nínú ewu, gbèsè ẹgbẹ́ á sì wà níbẹ̀.

Ẹ rà á ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Abẹ́ àtíbàbà ni kí ẹ tò ó sí, kì í ṣe inú oòrùn, torí oòrùn á mú kó sán, á sì wọ́. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín pákó kan sí èkejì kí atẹ́gùn lè gbà á kọjá. Ẹ kun ọ̀dà sí orí àti ìdí rẹ̀. Ibẹ̀ lomi ti ń tètè jáde jù.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó gbẹ? Ẹ gé bí ẹsẹ̀ bàtà méjì lára pákó náà, ẹ kun orí rẹ̀ méjèèjì lọ́dà, ẹ tì í sáàárín àwọn yòókù. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n ọjà yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí kò bá fúyẹ́ sí i mọ́, ó ti tó.

Nígbà tí ẹ bá ń là á sí tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ tẹ̀lé ìlà ara igi. Èyí tó ní kókó lára, ibi tí ọkọ̀ ti tẹ̀ ló máa dá sí. Tí yóò bá tẹ̀ púpọ̀, ẹ fi ooru omi gbígbóná rọ̀ ọ́, bíi wákàtí kan fún pákó oníǹṣì kan. Arère rọrùn láti fá, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ jẹrà. Ìrókò àti ọ̀pẹ̀pẹ̀ ló ń tọ́jọ́.

Èrò tèmi ni pé kí ìgbìmọ̀ máa san owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì: ti pákó l'óṣù Kọkànlá, ti ìṣó, òwú àti káfíńtà nígbà tí pákó bá gbẹ. Èlé owó kejì kò ní tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn. A ó gbé e kalẹ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀.